Ìyà Tí A Fowó Rà

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ìyà tó ń jẹ ọ́ nílé ìwé ò tíì tó ni?"

Ìbéèrè tí ìyá mi bi mí nìyẹn nínú oṣù January, nígbà tó rí mi tí mò ń ki gàrí, ṣúgà, ẹ̀pà, tọ́ọ̀ṣì àti súwẹ́tà bọ inú báàgì ẹ̀yìn. Mo ní a fẹ́ lọ gun Òkè Ìdànrè. Ó ní kí la sọ nù síbẹ̀? Mo ní a ò sọ nǹkan kan nù. Ó ní ta ló rán wa? Mo ní kò sẹ́ni tó rán wa. Ó ní ṣé wọ́n máa sanwó fún wa ni? Mo ní rárá o, àwa gan-an la máa sanwó ní géètì. Màmá dákẹ́, wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n wá ní, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká fowó ra ìyà." Mo rẹ́rìn-ín, mo gbé báàgì mi kọ́ ẹ̀yìn, ó di géréjì.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀rín yẹn ti tán lẹ́nu mi báyìí. Ìbéèrè ìyá mi ti di iṣẹ́ àṣetiléwá fún mi, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i. Ṣé ó dáa kí èèyàn máa fi ìnira ṣeré, nígbà tí ìnira kan náà yẹn jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ ẹlòmíràn? Àbí ohun tó bá wu kálukú ni kó ṣe, tó bá ṣáà ti jẹ́ pé owó ara rẹ̀ ló ná?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí a ṣe lọ. Mẹ́rin ni wá. Àwa mẹ́ta wà ní Àkúrẹ́, ẹnì kẹrin ń kàwé ní Oǹdó. Òun ló kọ́kọ́ wọkọ̀ wá bá wa, ó ní nígbà tí òun kọjá lórí Odò Ọ̀wẹnà, omi ti fà, ọyẹ́ sì bo gbogbo igbó bí ẹni da èérú sí i. Láti Àkúrẹ́ sí Ìdànrè ò tó wákàtí kan. Kí èèyàn tó dé ìlú náà rárá ló ti máa rí àwọn àpáta yẹn tí wọ́n dúró gbọnrangandan, àmọ́ lọ́jọ́ tí a lọ, ọyẹ́ ò jẹ́ ká rí orí wọn. Ṣe ló dà bí ẹni pé wọ́n gé wọn lórí.

Ta ló sọ pé ká lọ nígbà ọyẹ́? Fídíò ló kó sí wa lórí. Nínú họ́sítẹ́ẹ̀lì, a máa ń wo àwọn òyìnbó tó ń gbé báàgì ńláńlá sẹ́yìn, tí wọ́n ń rìn nínú àfonífojì Grand Canyon ní Arizona, ní Amẹ́ríkà, nígbà òtútù. Odò Colorado ló gbẹ́ kòtò yẹn. Ó gùn tó 446 kìlómítà, ibi tó jìn jù níbẹ̀ sì ju 1,800 mítà lọ. Yìnyín á máa bọ́ sí wọn lórí, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wa wá ní, "Ṣebí àwa náà ní òkè, a ní àfonífojì, a sì ní òtútù tiwa." Òtútù tiwa ni ọyẹ́ yẹn, afẹ́fẹ́ tó ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà fẹ́ wá, tó ń la èèyàn létè, tó ń gbẹ ọ̀fun. Ó tún ní ìdí mìíràn tí ó fi bọ́gbọ́n mu: nígbà òjò, àpáta máa ń yọ̀. Nígbà ọyẹ́, ẹsẹ̀ máa ń di ilẹ̀ mú.

Ohun tí a ò rò ni ti omi. Lára àwọn àpáta Ìdànrè, ojú ibi tí omi òjò máa ń gbà ṣàn hàn kedere, ó fa ìlà dúdú láti òkè wá sílẹ̀. Nígbà tí àwa dé ibẹ̀, ìlà yẹn wà, omi ò sí. Nínú àfonífojì tó wà láàárín àpáta kan àti èkejì, ewé gbígbẹ ló kún ojú ọ̀nà omi. A rò pé lítà kan tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa gbé dání máa tó. Kò tó.

Àtẹ̀gùn tí a máa gùn kí a tó dé ìlú àtijọ́ ju 600 lọ. Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin la kà á, kò sì sí ẹni méjì tí iye wọn bára mu. Wọ́n ṣe ibi ìsinmi sójú ọ̀nà. Ibi kejì la jókòó sí, tí a ń mí hẹlẹhẹlẹ, nígbà tí ìyá kan kọjá lára wa. Òṣùká wà lórí rẹ̀, kúlà ńlá wà lórí òṣùká. Ó tó ẹgbẹ́ ìyá mi. Kò dúró. Ó kàn ní, "Ẹ kú ìsinmi o, ẹ̀yin ọmọ mi," ó sì ń gun òkè lọ ní tirẹ̀, bí ẹni ń rìn ní kọ́rídọ̀.

Ọ̀kan nínú wa ní, "Màmá yìí lágbára o!" A pàtẹ́wọ́. Mo fẹ́ kí ẹ fi àtẹ́wọ́ yẹn sọ́kàn. A pàtẹ́wọ́ fún un bí ìgbà tí èèyàn ń pàtẹ́wọ́ fún agbábọ́ọ̀lù. Kò sẹ́ni tó ní, "Màmá, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀."

A dé òkè. Kí n má parọ́, ibẹ̀ rẹwà. Ìlú àtijọ́ náà wà nínú àfonífojì kan lókè, àpáta yí i ká bí ọwọ́ ṣe ń yí ife ká. A rí ààfin àtijọ́ Ọwá, a rí kóòtù àtijọ́ àti ilé agogo. A ya fọ́tò títí bátìrì fóònù fi fẹ́ẹ̀ kú. Kó tó di ọ̀sán, omi wa tán pátápátá. A yíjú, a rí ìyá yẹn lábẹ́ òjìji àpáta kan pẹ̀lú kúlà rẹ̀.

"Màmá, èló ni píọ̀ wọ́tà?"

"Igba náírà ni, ọmọ mi."

Ha! Àádọ́ta náírà la rà á nísàlẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ará Oǹdó ní ìrẹ́jẹ gbáà nìyí. Èmi ni mo gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀, torí èmi ni wọ́n mọ̀ sí ọ̀gá nínú ọjà nínà. Mo ní, "Màmá, akẹ́kọ̀ọ́ ni wá o, ẹ má pa wá." Mo ní mẹ́jọ la máa rà. Mo ṣe bí ẹni ń lọ, mo tún padà. Màmá yẹn ò bínú. Ó ní, "Tó bá jẹ́ ti àádọ́ta lẹ fẹ́, ó wà nísàlẹ̀ níbi tí ẹ ti gòkè wá." Síbẹ̀, nígbà tó yá, ó gbà á ní àádọ́jọ. Mẹ́jọ la rà, mo já 400 náírà kúrò. Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan sáárá sí mi. Omi yẹn tutù, ó dùn ju ẹmu lọ.

Alẹ́ ni ọ̀rọ̀ dé. Ilé ẹ̀gbọ́n ọ̀kan nínú wa nísàlẹ̀ òkè la sùn. Ẹsẹ̀ ń ro mí, oorun ò wá, mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìṣirò tí n kò ṣe lọ́sàn-án. Àpò píọ̀ wọ́tà kan, ogún ló máa ń wà nínú rẹ̀. Ìlàjì lítà ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lítà mẹ́wàá nìyẹn, lítà omi kan sì jẹ́ kìlógíráàmù kan. Kìlógíráàmù mẹ́wàá lórí obìnrin tó tó ìyá mi, a ò tíì ka áìsì, a ò tíì ka kúlà fúnra rẹ̀, lórí àtẹ̀gùn tó ju 600 lọ. Tó bá tà á tán ní igba náírà, 4,000 náírà ló máa wọlé. Ẹ yọ owó omi kúrò, ẹ yọ owó áìsì kúrò. Èyí tó kù ni owó ẹsẹ̀, owó ọrùn àti owó òógùn. Nínú èyí tó kù yẹn ni mo ti já 400.

Àti pé, ta ni mo bá ná ọjà lọ́jọ́ yẹn? Awakọ̀ sọ iye tirẹ̀, mo san. Ẹni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì ní géètì sọ iye tirẹ̀, mo san, mo tún ní "ẹ ṣé". Ẹni tó ní tábìlì àti rìsíìtì, n kò bá a jiyàn. Ẹni tí kò ní ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ ni mo já owó rẹ̀ lulẹ̀, torí mo mọ̀ pé kò fẹ́ ru omi yẹn padà sílé. Àwọn àgbà ní a kì í ru ẹran erin lórí, ká tún máa fẹsẹ̀ wa ìrẹ̀ nílẹ̀. Fóònù tí mo fi ń ya fọ́tò wà lọ́wọ́ mi, mò ń bá ìyá jà lórí àádọ́ta náírà.

Mo sọ ọ́ fún àwọn yòókù, ariyanjiyan sì bẹ́ sílẹ̀ nínú òkùnkùn.

Ọ̀rẹ́ mi ará Oǹdó ní ọjà ni ọjà. Ó ní ẹni tó ń tà mọ̀ pé wọ́n máa ná an, ó ti fi lé e tẹ́lẹ̀. Ó ní tí a bá ń san iye yòówù tí wọ́n bá ti pè, láìpẹ́ wọn á máa ta píọ̀ wọ́tà ní ẹgbẹ̀rún kan fún ẹni tó bá ti gbé báàgì. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ẹnì kejì ní tí kì í bá ṣe irú wa tó ń wá ṣeré, ta ni màmá yẹn ì bá máa ta omi fún? Ó ní eré wa ni oúnjẹ rẹ̀. Òótọ́ wà nínú ìyẹn náà. Ẹnì kẹta ní tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ká jókòó sílé nìyẹn, ká má ṣeré mọ́, torí kò sí eré kan láyé tí ẹnì kan kì í fi ṣe iṣẹ́. Ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù lórí pápá, ẹlòmíràn ló ń gé koríko rẹ̀.

Mo gbà fún gbogbo wọn, síbẹ̀ ọkàn mi ò balẹ̀. Kí ló wá ya báàgì ẹ̀yìn mi sọ́tọ̀ sí kúlà orí ìyá yẹn? Òkè kan náà ni, ọyẹ́ kan náà ni, òógùn kan náà ni. Ìwúwo nìkan kọ́. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni pé èmi lè sọ tèmi kalẹ̀. Bí ó bá rẹ̀ mí ní àtẹ̀gùn ọgọ́rùn-ún, mo lè yí padà, mo lọ jẹ ẹ̀bà nísàlẹ̀, fọ́tò díẹ̀ nìkan ni mo máa pàdánù. Bí ìyá yẹn bá yí padà, oúnjẹ ilé rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ló pàdánù. Ìyà tí èèyàn lè fi sílẹ̀ nígbàkígbà, eré ni. Ìyà tí kò ṣeé fi sílẹ̀, ìyà ni, kódà bí ojú ibẹ̀ rẹwà.

Ẹ wo àwọn tó ni ìlú náà. Kì í ṣe torí àtirí ojú ilẹ̀ tó rẹwà ni àwọn baba ńlá Ìdànrè fi gbé orí òkè. Àpáta ni odi wọn. Nígbà ogun, ọ̀tá tó bá fẹ́ bá wọn níbẹ̀ á kọ́kọ́ bá òkè jà. Lórí rẹ̀ ni wọ́n ti bímọ, tí wọ́n ti sìnkú, tí wọ́n ti pọnmi. Ní nǹkan bí ọdún 1923 ni wọ́n sọ̀ kalẹ̀, nígbà tí àlàáfíà ti dé, tí ọ̀nà, ilé ìwé àti ọjà sì ti wà nísàlẹ̀. Lónìí, ìlú kòkó ni gbogbo èèyàn mọ Ìdànrè sí. Ohun tí àwọn ọmọ wọn sọ̀ kalẹ̀ kúrò nínú rẹ̀ ni àwa ń sanwó lọ gùn. Ní ọdún 2007, wọ́n fi Òkè Ìdànrè sára àwọn ibi tí Nàìjíríà dábàá fún UNESCO pé kí wọ́n kà mọ́ ogún gbogbo ayé. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó tó di ogún gbogbo ayé, ilé àwọn kan ni. Títí di òní, wọ́n ṣì ń gun òkè náà fún ọdún ìbílẹ̀ wọn. Wọn ò kórìíra ibẹ̀. Wọ́n kàn mọ iye tí ibẹ̀ ń náni ni.

Grand Canyon tí a ń wò nínú fídíò náà, bẹ́ẹ̀ ló rí. Àwọn ẹ̀yà kan tí wọ́n ń pè ní Havasupai ń gbé níbẹ̀, abúlé wọn tó ń jẹ́ Supai wà nísàlẹ̀ kòtò náà. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ò lè dé ibẹ̀, ìbaaka ló ń ru lẹ́tà lọ fún wọn. Ọdún 1919 ni ìjọba sọ Grand Canyon di ọgbà ìtura orílẹ̀-èdè, ọdún 1975 ni òfin tó dá apá ńlá nínú ilẹ̀ wọn padà fún wọn. Fídíò tí a wò ò sọ ìyẹn fún wa.

Ẹ tún wo òkè tó ga jù láyé, Everest. Gbogbo wa la mọ̀ pé Edmund Hillary àti Tenzing Norgay dé orí rẹ̀ ní ọjọ́ 29, oṣù May, ọdún 1953. Ta ló ru àgọ́ wọn, oúnjẹ wọn àti afẹ́fẹ́ inú àgbá wọn dé ìdí òkè náà? Ọgọ́rọ̀ọ̀rún aláàárù ni, àwọn tí a ò mọ orúkọ wọn. Ní ọjọ́ 18, oṣù April, ọdún 2014, òkìtì yìnyín ya lulẹ̀ lójú ọ̀nà òkè yẹn, ó pa èèyàn mẹ́rìndínlógún. Ọmọ Nepal ni gbogbo wọn, ẹnu iṣẹ́ ni wọ́n wà, wọ́n ń la ọ̀nà, wọ́n ń ru ẹrù fún àwọn tó sanwó láti wá gun òkè. Nínú àwọn tí wọ́n ń ru ẹrù fún, kò sí ẹnì kan tó kú nínú rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Nítorí náà, n kò sọ pé eré burú. Èèyàn ò gbọdọ̀ máa gbé ayé rẹ̀ láàárín lẹ́kíṣọ̀ àti họ́sítẹ́ẹ̀lì nìkan. Ara tó ń rẹ̀ ní ohun tó ń kọ́ni. Láìjẹ́ pé ẹsẹ̀ ro mí, n kì bá má ṣe ìṣirò yẹn rárá. Ohun tí mo rò pé ó burú ni kí ìyà tèmi, tó jẹ́ eré, fọ́ mi lójú débi pé n kò ní rí ìyà ẹlòmíràn tó gbé eré mi dúró. Èyí tó tún burú ju ìyẹn lọ ni kí n rí i, kí n pàtẹ́wọ́ fún un, kí n wá já owó rẹ̀.

Kí la wá jẹ irú wọn? Àánú kọ́. Màmá yẹn ò tọrọ nǹkan lọ́wọ́ wa, ọjà ló ń tà. Ohun tí a jẹ wọ́n ni iye tó ka àtẹ̀gùn mọ́ ọn. Omi tó wà lókè àti omi tó wà nísàlẹ̀ kì í ṣe ọjà kan náà. Èmi ni mo ń pè é ní ọjà kan náà, torí ọ̀rá kan náà ló wà nínú rẹ̀. Ẹ máa ná ọjà o, èmi náà ò ní jáwọ́. Àmọ́ kí a tó ná an, ẹ jẹ́ ká bi ara wa: ṣé mo lè fi ẹsẹ̀ ara mi gbé e débí ní iye tí mo fẹ́ san yìí?

Lọ́jọ́ kejì, a tún gun òkè, torí a fẹ́ rí àwọn ibi tí a ò tíì dé. Ní ibi ìsinmi àkọ́kọ́, mo bá ìyá yẹn. Ó jókòó lọ́tẹ̀ yìí, kúlà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo kí i. Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé e." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọrùn rẹ á kán o, ọmọ ìwé." Mo ṣáà takú. Wọ́n gbé e rù mí. Ní àádọ́rin àtẹ̀gùn, ọrùn mi ń gbọ̀n. Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún, mo bẹ̀bẹ̀. Ó gbà á, ó tún òṣùká rẹ̀ ṣe, ó ń lọ. Kò ní kí n kú iṣẹ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Mo wá rí i pé ìyẹn náà, eré ni mo fi ṣe. Ọgọ́rùn-ún àtẹ̀gùn, mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀, mo lọ́wọ́ òfìfo.

Nígbà tí a dé òkè, mo ra méjì. Mo fún un ní 400 náírà láìsọ̀rọ̀. Ó kà á, ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi," ó sì fi í sápò. Kò bù sí i fún mi torí pé mo bá a gbé ẹrù. Inú mi dùn pé kò bù sí i.

Mo padà délé, ìyá mi ní, "Ẹ ti ra ìyà yín dé?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Wọ́n ní èló? Mo ní mo kọ́kọ́ jẹ gbèsè, àmọ́ mo ti san díẹ̀ nínú rẹ̀.